Ọdún Mẹ́jọ Tí Mo Fi Ń Tẹ Bọ́tìnì Wò ní Kubwa

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ fi ayé yín ṣe, ẹ fetí sí tèmi. Bí kò bá tiẹ̀ wúlò, kò ní gbà yín lásìkò púpọ̀. Èmi ò ka ìwé. Tóyìn, ọmọ Káyọ̀dé ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́ bí mo ti ń sọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo ṣe. Mo bá ìyá mi hun aṣọ nílùú wa lápá Kàbà títí mo fi lọ́kọ. Ọkọ mi ríṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, mo tẹ̀ lé e, èmi náà sì ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ sọ, òun ló sì ṣòro jù láti ṣàlàyé. Bí wọ́n bá bi mí nípàdé ọmọ ìlú pé, "Ìyá Káyọ̀dé, kí lẹ tiẹ̀ ń ṣe ní Kubwa gan-an?" màá ní, "Mò ń bá wọn tẹ bọ́tìnì wò." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé yẹ̀yẹ́ ni mò ń ṣe.

Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn, kò jìnnà sí ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èrò sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ńlá. Ọmọ Èkìtì kan ló ni ín, Ọ̀gá Délé, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní mínísírì rí. Ohun tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni bí wọ́n ṣe ń kọ áápù kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ nínú búráúsà. Búráúsà ni fèrèsé tí ẹ fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Áápù inú rẹ̀ lè jẹ́ ohun tó ń ṣírò, ó lè jẹ́ ohun tó ń ka iye èrò, ó lè jẹ́ eré ọmọdé tí bọ́ọ̀lù ti ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n gbà mí kí n máa gbálẹ̀, kí n sì máa nu eruku ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Mi ò tíì lò tó oṣù kan níbẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń fi iṣẹ́ rẹ̀ han Ọ̀gá. Mo ń nu tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ó rọrùn gan-an. Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó."

Ọ̀gá ní, "Ẹnikẹ́ni?" Ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àkísà yẹn sílẹ̀, ẹ wá jókòó síbí."

Mo jókòó. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, mo wo ọmọ náà, mi ò mọ èyí tí màá fọwọ́ kàn. Ọmọ náà na ìka, "Màmá, ibí yìí ni kí ẹ—" Ọ̀gá gbá a lọ́wọ́. "Ṣé wàá máa bá áápù rẹ lọ sílé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lò ó ni?"

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ mi ti yí padà. Ó fi òfin kan lélẹ̀: kò sí áápù tí a óò ní ó ti parí àfi tí Màmá bá lè lò ó láì béèrè ohunkóhun. Bí Màmá bá sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni nínú yàrá ò gbọdọ̀ la ẹnu, kò gbọdọ̀ na ìka, kò gbọdọ̀ mi orí. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀, iṣẹ́ tó wà níwájú mi ti fìdí rẹmi nìyẹn.

Ẹ lè rò pé iṣẹ́ àìmọ̀ kò nílò ìkọ́ṣẹ́. Ọdún kan gbáko ni Ọ̀gá Délé fi kọ́ mi, kò sì fojú àgbà wò mí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ ni pé mò ń yìn wọ́n. Báwo ni màá ṣe máa sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa? Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kíkí là ń kí i. Torí náà, bí mo bá tẹ bọ́tìnì tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, màá ní, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kó o ṣe jù báyìí lọ."

Lọ́sẹ̀ kẹta, Ọ̀gá pè mí.

"Màmá, áápù tí Sani gbé wá lọ́jọ́ Ajé, kí ló ṣe nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Ó dúró jẹ́ẹ́, ọ̀gá."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo gbàdúrà fún un."

"Ó gbé e lọ fún ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Wọ́n dá a padà fún un lójú èrò. Àdúrà yín ló bà á jẹ́."

Inú bí mi. Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Lọ́dọ̀ Ọ̀gá Délé, òun nìkan lọjà tí wọ́n ń ná. Ó gbé áápù tó ti bàjẹ́ síwájú mi, ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́, kí n sì máa sọ ohun tí mo rí.

"Mo tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"Ẹ yọ 'ẹ pẹ̀lẹ́' kúrò."

"Mo tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀."

"Ẹ má rẹ́rìn-ín sí i."

Báyìí la ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé Màmá ti já òun kulẹ̀, Ọ̀gá á sọ fún un pé a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. "Màmá ò ṣẹ̀ ọ́. Ó bá ọ rí ẹmọ ni. Lọ tún un gún."

Ọwọ́ mi ló ń gbálẹ̀, etí mi ò gbálẹ̀. Bí wọ́n ti ń kọ́ wọn ni mò ń gbọ́. Mo gbọ́ pé kóòdù ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ǹpútà, pé ìlà kan lẹ́yìn òmíràn ló ń kà á, kì í sì í méfò. Ohun tí o bá sọ ló máa ṣe, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Mo gbọ́ pé bí o bá fẹ́ kó rántí iye kan, wàá fún iye náà lórúkọ, bí ìgbà tí àwa ahunṣọ bá so àmì mọ́ ìdì òwú kí a má baà gbé pupa fún dúdú. Mo sì gbọ́ pé bọ́tìnì tí o yà sójú kọ̀ǹpútà, àwòrán lásán ni títí wàá fi fún un létí tí yóò fi gbọ́ pé ẹnì kan tẹ òun, tí wàá sì fún un níṣẹ́ tí yóò jẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń gbàgbé etí yẹn ṣáá ni. Èmi ni mo sọ ọ́ ní bọ́tìnì adití. Orúkọ tí wọ́n ń pè é títí mo fi kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Sani tó jẹ́ ọmọ Hausa pàápàá á pariwo láti ìkángun yàrá pé, "Kai! Bọ́tìnì mi ti ya adití o!"

Ọjọ́ kan, ọmọ kan kọ ohun tó ń yí po, kò sọ ibi tó máa dúró sí. Bí mo ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà dì pa, fáànù inú rẹ̀ ń hu bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo fò dìde.

"Ọ̀gá, mo ti pa á o!"

"Ẹ̀yin kọ́, Màmá. Ẹni tó ní kó máa kà lọ láìdábọ̀ ló pa á." Ó mú ọmọ náà dúró níwájú kíláàsì, ó ní, "Ìwọ náà máa kà. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Kó o dúró nígbà tí mo bá ní kó o dúró." Ó wá jáde lọ jẹun. Nígbà tó máa fi padà dé, ohùn ọmọ náà ti há. Kò sí ẹni tó tún ṣe irú àṣìṣe yẹn lọ́dún náà.

Irinṣẹ́ ń yí padà, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo débẹ̀, kọ̀ǹpútà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngbọ̀n, ọ̀kan péré ló ń gba tábìlì kan. Búráúsà nìkan ò sì lè ṣí áápù ìgbà náà. Wọ́n ní láti wá àlẹ̀mọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bí àlẹ̀mọ́ ò bá sí, àpótí aláwọ̀ eérú lásán lo máa rí. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe búráúsà ní àwọn ò gbà á mọ́, olè ń gba ibẹ̀ wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ohun tí Ọ̀gá Délé ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni di àpótí eérú. Ó kó ìwé rẹ̀ sínú páálí, ó ní kí n gbé e fún ẹlẹ́pà ìsàlẹ̀ ilé kó fi máa pọ́n ẹ̀pà. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ látorí ìlà kìíní èdè tí búráúsà gbọ́ fúnra rẹ̀. Mi ò gbọ́ kó ráhùn. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà di pẹlẹbẹ, tí a ò fi máòsì tẹ nǹkan mọ́, tí a wá ń fi ìka ra á lójú.

Nígbà tó fi máa di ọdún kẹfà, ọwọ́ mi ti yá. Iṣẹ́ tó ń gbà mí ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ní, "Màmá ti mọ̀ ọ́n jù!" Mo gbà á bí oríyìn.

Rẹ̀mí dé lọ́dún keje. Ọmọ apá ọ̀dọ̀ wa ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Kuje, àfẹ̀mọ́jú ló sì ń kúrò nílé kó tó lè bá kíláàsì ní Kubwa. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí ẹ̀kọ́ yìí bá parí tí kò ríṣẹ́, kó di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Nígbà tí àkókò iṣẹ́ àṣejáde tó, ó bá ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kuje sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn á lo áápù rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bó bá ṣiṣẹ́, àwọn á gbà á síṣẹ́. Òfin Ọ̀gá sì ni pé iṣẹ́ àṣejáde tí wọ́n bá dá padà láti ìta, ẹni tó ṣe é kò ní gba ìwé ẹ̀rí.

Áápù náà ò le. Obìnrin tó bá wọlé á bá kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan lórí tábìlì. Àwòrán méjì ló wà níbẹ̀, olóyún àti ọmọ ọwọ́. Yóò tẹ èyí tó bá wá fún, nọ́ńbà á jáde, nọ́ńbà kan náà á sì hàn lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì nínú yàrá, kí wọ́n lè máa pè wọ́n tẹ̀ léra. Kò sí ìwé kíkà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà, ẹni tó bá ti ná ọjà rí mọ̀ ọ́n.

Rẹ̀mí gbé e síwájú mi. Mo tẹ ọmọ ọwọ́, mo dúró, nọ́ńbà jáde. Mo tẹ olóyún, mo dúró, nọ́ńbà jáde.

Mo ní, "Ó yege." Ọ̀gá fọwọ́ sí i.

Ó bẹ̀ mí kí n bá òun lọ sí Kuje, mo sì lọ. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, àwọn abiyamọ ti kún ẹnu ọ̀nà. Ẹni àkọ́kọ́ tẹ ọmọ ọwọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́ bí ìgbín lọ́jọ́ náà, kò rí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni gbá rédíò, ó tún un tẹ̀. Nígbà tó yá, nọ́ńbà mẹ́rin jáde tẹ̀ léra, èyí tó kẹ́yìn ló fi sọ́kàn lọ jókòó. Ẹni kejì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni kẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ń pè láti inú yàrá. "Nọ́ńbà kìíní! Ta ni nọ́ńbà kìíní?" Kò sí. "Nọ́ńbà kejì!" Kò sí. Ó ń dúró de ẹni tí kò sí láyé.

Níta, ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ débí!"

"Nọ́ńbà mélòó lo mú? Ṣebí ogójì lo mú! Lọ jókòó!"

"Gba ogójì yìí, kó o fún mi ní méje rẹ, olè!"

Obìnrin kan wà lẹ́yìn gbogbo wọn, kò bá wọn jà. Nọ́ńbà rẹ̀ jìnnà, ó gbà pé kò tíì kan òun. Bí mo ti ń kọjá ni ọwọ́ mi kan ẹsẹ̀ ọmọ tó pọ̀n. Ẹsẹ̀ náà gbóná bí irin tó wà nínú iná. Mo gbá ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì, mo ní kó fi nọ́ńbà sílẹ̀, kó jáde wá wo ọmọ. Wọ́n gbé ọmọ náà wọlé. Ó yè, ọpẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì padà wá, ó pa kọ̀ǹpútà Rẹ̀mí dé, ó ní, "Ẹ gbé nǹkan yín lọ. Ẹ bá mi mú ìwé àti bírò wá."

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, Rẹ̀mí ń wo ojú fèrèsé. Èmi ń tún ọ̀rọ̀ náà rò, ìka mi ń tẹ itan mi: mo tẹ, mo dúró, mo tẹ, mo dúró. Mo wá bi ara mi léèrè pé ta ló kọ́ mi pé kí n máa dúró?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Délé dúró níwájú kíláàsì. "Rẹ̀mí, o mọ òfin. Kó ẹrù rẹ."

"Ọ̀gá, Màmá tẹ̀ ẹ́ wò kí n tó—"

"Ṣé ọwọ́ Màmá lo fi kọ kóòdù ni?"

Rẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì. Mi ò ní purọ́ fún yín, iṣẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ rò. Àìmọ̀ mi ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi. Bí mo bá la ẹnu, iṣẹ́ tán. Bí mi ò bá là á, ọmọ yìí á padà sílé, ẹ̀bi tèmi lá sì gbé lọ. Ó ti ń fa sípù báàgì náà kí n tó dìde.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó jókòó. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Màmá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà yín, àbí?"

"Kì í ṣe àdúrà. Rẹ̀mí, gbé e wá síbí." Mo tẹ ọmọ ọwọ́, mo ká ọwọ́ mi kò. "Ọ̀gá, kí ni mò ń ṣe báyìí?"

"Ẹ ń dúró."

"Ta ló ní kí n dúró? Ṣé ẹ rí ibi tó ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀? Mo mọ̀ pé nọ́ńbà ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, nítorí mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín nígbà tí mò ń gbálẹ̀. Àwọn obìnrin Kuje ò gbọ́ ọ."

Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sì sí eruku lára rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Mi ò lè sọ. Ó lè ti tó ọdún méjì."

"Ọdún méjì!" Sani, tó ti ń bá Ọ̀gá kọ́ni nígbà náà, gbé ọwọ́ lérí. Mo mọ̀ pé ó ń ka gbogbo áápù tí mo ti ní ó yege.

Ọ̀gá jókòó. "A jẹ́ pé ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde nìyẹn, Màmá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ẹni tó bá ti jáde, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà sí kíláàsì kìíní."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Ó ní kí Rẹ̀mí sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fún un láti tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ilé ìwòsàn ní àwọn á tún gbà á wò lẹ́ẹ̀kan péré, bí Ọ̀gá bá fọwọ́ sí i. Èmi ni kí n wá ẹni tí yóò jókòó sípò mi.

Tóyìn dá ọwọ́ dúró, ó ń bi mí bóyá ó dùn mí. Ó dùn mí díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yan iṣẹ́, ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti ń mọ̀ ọ́n sí i lẹ ó ti máa kúrò nínú rẹ̀. Ẹ máa yẹ ọwọ́ yín wò látìgbàdégbà.

Mo lọ sí Kado, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Ìyá Bọ́sẹ̀ máa ń bá àwọn oníbàárà ha ìpẹ́ ẹja níbẹ̀, a sì jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Fóònù rẹ̀, kékeré alátẹ̀ ni, ìpè nìkan ló ń fi gbà.

"Kí ni mo máa kọ́ kí n tó débẹ̀?" ló bi mí.

"Má kọ́ nǹkan kan."

"Wọ́n á sì sanwó fún mi?"

"Wọ́n á san án."

Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Ìyá Káyọ̀dé, ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ lẹ fẹ́ mú mi wọ̀ báyìí?"

Ó ṣáà tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì pé. Rẹ̀mí gbé áápù rẹ̀ sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, bí wọ́n ṣe gbé e ní Kuje. Ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ mú kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì falẹ̀. A dúró lẹ́bàá ògiri.

Ìyá Bọ́sẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó na ìka kan, ó tẹ ọmọ ọwọ́. Lójú ẹsẹ̀, àwòrán ọmọ náà ṣú, àwòrán mìíràn sì yọ, obìnrin kan tó gbọ́mọ lẹ́sẹ̀, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ńbà ò tíì jáde. Ìyá Bọ́sẹ̀ tún un tẹ̀. Nǹkan kan ò yí padà. Ó wo ojú mi.

"Ìyá Káyọ̀dé, ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Mo wo ògiri. Rẹ̀mí ti fi eyín di ètè rẹ̀ mú.

Ìyá Bọ́sẹ̀ na ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kò tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo obìnrin orí bẹ́ǹṣì náà dáadáa. Ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó fa àga kan sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń wo iwájú bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí nọ́ńbà tó jáde, ọ̀kan ṣoṣo.

"Oókan ló wà níbẹ̀," ló wí. "Ṣé ó ti kàn mí?"

Ọ̀gá Délé ti mú bírò, ó ń bu ọwọ́ lu ìwé Rẹ̀mí.

"Ó ti kàn yín, Màmá," ló dá a lóhùn.